Aṣọ Tí Mo Wọ̀n Kọjá Odò Vólítà

Aago mẹ́rin ìdájí ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n Ṣìfáwù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, fi ilé wa ní Cow Lane, ní Accra, sílẹ̀. Ìjọba Gánà ti ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ ti ṣáájú wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó yẹ kí n bá wọn lọ, ṣùgbọ́n mo wọ lọ́rì, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo tún wọ̀ ọ́, mo tún sọ̀ kalẹ̀, títí ọkọ̀ fi gbéra láìsí mi. Ẹ rọra fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, èmi fúnra mi ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni ìpayà òjijì kan ti ń bá mi fínra. Mo lè jókòó jẹ́ẹ́jẹ́, kí àyà mi ṣàdédé máa lù kì-kì-kì, kí ọwọ́ mi tutù, kí èémí há mi lọ́fun, kí ó sì dá mi lójú pé ikú dé. Inú ọkọ̀ ló ti kọ́kọ́ mú mi, lọ́nà Aṣáímáàn, láti ọjọ́ náà n kò wọ ọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sí ìsọ̀ aṣọ mi ní ọjà Mákọlá, bí oòrùn bá fẹ́, kó ràn.

Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ ẹ̀yà Gá, ló yẹ àyà mi wò, tó ní kò sóhun tó ṣe é. Ó ní, "Ẹ̀rù ni, kì í pani. Bó bá dé, má sá fún un. Máa mí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́." N kò mọ bí wọ́n ṣe ń mí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé aṣọ ni mò ń tà, ó ní kí n máa wọn aṣọ tí kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ará ilé ṣáà mọ̀ ọ́n: a ó fi etí aṣọ kan imú, a ó na apá tán, ọ̀pá kan nìyẹn. Bí mo bá ń nà án, kí n mí sínú. Bí mo bá ń ká a, kí n mí síta. Ọ̀pá méjìlá ni odindi aṣọ kan. Ó ní kí ó tó pé, ẹ̀rù á ti máa wá ọ̀nà ilé rẹ̀.

Kofi ni awakọ̀ wa, Cow Lane ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa lọ. Ìlọ́po mẹ́ta owó ọkọ̀ àtẹ̀yìnwá ló gbà lọ́wọ́ wa, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí wa bí àna. Ìkòkò, ẹní, ẹ̀rọ ìránṣọ àti adìẹ kún inú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí ọ̀tún mi, Bàbá Oníbàtà, àgbàlagbà tó ti ń ṣe bàtà ní Accra kí wọ́n tó bí bàbá Kofi, jókòó sí òsì.

Ẹ̀gbọ́n ké sí Kofi pé, "Bí ìyàwó wa bá ní kí o dúró, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

Kofi ní, "Màámi, mo lè dúró fún wọn níbikíbi, àfi lórí afárá Vólítà. Ibẹ̀ kò ṣeé dúró."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ fún irú mi.

A ra kẹ́nkẹ́ lójú ọ̀nà, pẹ́síwà méjì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ tiwọn nìyẹn, àmọ́ ó le, ó kan, èèpo àgbàdo ni wọ́n fi ń dì í dípò ewé. Ata dúdú tí wọ́n fi ẹja dín, tí wọ́n ń pè ní ṣítọ̀, la fi jẹ ẹ́. Ó dùn débi pé mo gbàgbé afárá náà.

Afárá kò gbàgbé mi. Bí mo ṣe rí omi nísàlẹ̀, àyà mi já. Ẹnu mi ti là láti ké pé kó dúró, ni mo bá sáré na apá. Mo gbá gèlè Ẹ̀gbọ́n, mo gbá fìlà Bàbá sórí adìẹ. Ọ̀pá kan. Ọ̀pá méjì. Nígbà tí mo dé ọ̀pá keje, Bàbá ṣa fìlà rẹ̀, ó bi mí pé, "Ìyàwó, irú aṣọ wo nìyẹn?"

"Àdìrẹ ni, Bàbá." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mí.

"Èló?"

Mo dá iye kan lé e. Obìnrin kan lẹ́yìn ní, "Ó ti wọ́n jù. Ẹ gba ìdajì." Òmíràn ní àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Kí n tó ká ọ̀pá kẹsàn-án, gbogbo ọkọ̀ ti ń ná aṣọ tí kò sí, àwọn tó ti ìsọ̀ wọn pa lánàá tún di ọlọ́jà. Inú wọn dùn, mo rí i lójú wọn.

Ọ̀pá méjìlá pé. Ẹ̀rù ṣì wà lọ́rùn mi. Mo fi ohùn ẹkún sọ pé, "Ó ti pé, Bàbá, kò lọ."

Bàbá wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tajà? Èènì dà?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo na ọ̀kan sí i, Bàbá ní ahun ni mí, mo tún fi ààbọ̀ kún un. Nígbà tí mo fi máa ká a tán, odò ti wà lẹ́yìn wa.

Kofi ké látiwájú pé, "Ẹ̀yin Alátà!" Orúkọ tí wọ́n ń pè wá níbẹ̀ nìyẹn. "Wọ́n lé yín kúrò lọ́jà, ẹ tún ń ta atẹ́gùn nínú ọkọ̀ mi." A rẹ́rìn-ín títí dé Àfìláò tí í ṣe ẹnubodè.

Ní Lómé, wọ́n ń ta búrẹ́dì gígùn kan tí wọ́n ń pè ní páàn. Bàbá ní kí n bá òun wọ̀n ọ́n. Ó lé ní ìdajì ọ̀pá. Ẹ̀rù tún mú mi ní Kútọnu, ó mú mi ní Ìdírókò. Ẹ̀gbọ́n á kàn kéde pé, "Ìsọ̀ ti ṣí o," oníbàárà á sì yọjú. Èmi tí mo ti rò pé ara mi kò ní yá àfi lọ́jọ́ tí ẹ̀rù kò bá wá mọ́, mo wá rí i pé ó lè wá, kí n sì máa bá ìrìn mi lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta la wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo ṣe rí ọkọ mi àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń sáré bọ̀, àyà mi tún gbéra. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, ó ku èmi nìkan lórí ìjókòó, tí mò ń na apá. Ọkọ mi fọwọ́ lẹ́rán, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Ràfíù, ìwọ tí o sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní Accra. A ti délé, sọ̀ kalẹ̀ wàyí."

Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, Bàbá Ràfíù. Ó ku èènì."