Ayé Wo Lò Ń Wí?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi kúrò ní Ìkirè lọ sí Àpòmù ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ni "ayé". Ó pẹ́ tí mo fi ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kí n tó fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdánwò mọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí lórí fóònù. Àpòmù ni wọ́n ń gbé. Ọmọ ọmọ wọn, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tọ́, wálé láti yunifásítì láti wá kàwé. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìdánwò rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀.

"Tíṣà," wọ́n ní, "ọmọ yìí ní ayé ló sọ òun di bí òun ṣe rí. Ó ní ká ní kì í ṣe ayé ni, bóyá òun ì bá má sí rárá. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Mo ti bá wòlíì wa sọ̀rọ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ló máa wà. Kò ní padà sí yunifásítì kankan títí a ó fi mọ ẹni tó ń dà á láàmú."

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dénú á mọ ohun tí ẹ̀rù fi bà wọ́n. Bí àgbàlagbà bá ní ayé wà nídìí ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe ilẹ̀ àti òkun ló ń bá wí. Mo ra dòdò tí wọ́n máa ń fẹ́ràn dání lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì wọkọ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti ká aṣọ funfun tí ọmọ náà máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sórí àga. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá Tíṣà, ẹ bá mi bẹ Màámà. Ẹ̀kọ́ wa ni mò ń bá ọ̀rẹ́ mi sọ lórí fóònù! Ẹfolúṣọ̀n ni. Olùkọ́ wa bi wá pé bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, ṣé ibi gbogbo nirú ẹ̀ ti lè ṣẹlẹ̀, àbí nítorí pé ayé tiwa rí báyìí ni?"

Mo rọra tún un ṣe fún un, nítorí pé bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. "Má wí pé 'ayé' lásán. Àgbáńlá ayé ni kó o wí. Oòrùn, ìràwọ̀, gbogbo rẹ̀ pátá."

"Àgbáńlá kẹ̀!" ni ẹ̀gbọ́n mi ké. "Tíṣà, ṣé èyí tó wà nílẹ̀ ò tíì tó ni, tí wọ́n tún fi di àgbáńlá?"

Mo rí i pé mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i. Mo nawọ́ sí àgbàdo tí wọ́n so sókè ààrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ kò sè èyí?"

"Irúgbìn ni. Àwọn tó yọmọ dáadáa ni mo ṣà. Ẹni tó gbin jákujàku, jákujàku ló máa ká."

"Ó dáa. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣà á ńkọ́? Ọ̀dá á ṣà á. Èyí tí ọ̀dá pa ò ní í bímọ. Ọmọ èyí tó yè á jọ ọ́. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, fún ìgbà pípẹ́."

"Ọlọ́run ló ń fi ọ̀dá ṣà á, nígbà yẹn."

"Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀, mà."

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní, "Bàbá Tíṣà, ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè náà. Ká ní omi kì í ṣàn ńkọ́? Ká ní ohun tá a bá sọ sókè kì í wálẹ̀? Ṣé ṣíṣà yẹn á ṣì wà?"

"Á wà," mo dáhùn kíá. "Níbikíbi tí nǹkan bá ti ń bí irú ara rẹ̀, tí àwọn ọmọ ò rí bákan náà, tí oúnjẹ ò sì kárí, ṣíṣà gbọ́dọ̀ wà. Bí méjì àti méjì ṣe jẹ́ mẹ́rin ni."

"Kí ló máa wá bímọ, sà, níbi tí nǹkan kan ò ti lè lẹ̀ mọ́ nǹkan kan?"

Mo ní, "Nígbà náà, kò ní sí." Mo tún rò ó, mo ní, "Àfi bí nǹkan mìíràn tí a kò mọ̀ bá lè lẹ̀ mọ́ra." Mo ní ó gbára lé bí ayé ṣe rí. Mo ní kò gbára lé e. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ó túbọ̀ ń rú mi lójú.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Tíṣà, àfi kí a yáa mú ìwọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ gan-an ni ayé mú."

Ẹ̀rín bú mọ́ ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ìyá ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

"Ṣé o fẹ́ wà?" wọ́n bi í, ohùn wọn rọlẹ̀.

"Màámà, mo fẹ́ wà. Mo fẹ́ wà, mo sì fẹ́ ṣe ìdánwò."

Wọ́n mú aṣọ funfun náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ inú báàgì rẹ̀ fúnra wọn. "Wọ̀ ọ́ gbàdúrà kó o tó wọlé ìdánwò. Má sì fi ẹnu rẹ kan ayé lórí fóònù mọ́."

Ọ̀sán Sọ́ńdè ló wọkọ̀ padà. Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

"Ó ti ṣe é. Ó ní ìbéèrè yẹn ò tiẹ̀ jáde." Wọ́n tún ní, "Ṣùgbọ́n, Tíṣà, èwo ni òótọ́ níbẹ̀? Ṣé ó gbára lé e, àbí kò gbára lé e?"

"Lé kí ni, mà?"

"Lé ayé."

Mo bi wọ́n pé ayé wo.