Ìyá Ọkọ Mi Lójú Ọ̀nà Ìlọrin

Ìyá ọkọ mi kì í gbé àpò kékeré rìnrìn àjò. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ sí Ìlọrin, láti lọ kí àbúrò ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo bá wọn nínú ilé ìdáná wa ní àdúgbò Beyerunka, wọ́n ń da omi tí wọ́n ti sè tó sì ti tutù sínú ìgò. Ọṣẹ wà nílẹ̀, aṣọ ìnura, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti oògùn alápò tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru.

Mo ní, "Màmá, omi inú ọ̀rá pọ̀ lójú títì."

"Ìyàwó, ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n ni?"

Mo ń rẹ́rìn-ín wọn nínú.

Ní gáréèjì, kí ọkọ̀ tó kún, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń sunkún pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Màmá ti lọ kírun. Mo ra sóbò tútù fún un.

A ò tíì rìn jìnnà kọjá Ọ̀yọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró," Màmá ní. Àwọn èrò ọkọ̀ ń kùn, Màmá ò tilẹ̀ wò wọ́n. Màmá tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi, wọ́n fọṣẹ fọwọ́ ara wọn, wọ́n fọ ti ọmọ. Wọ́n tú oògùn alápò kan sínú ìgò omi onílítà kan, wọ́n mì ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí fún un mu.

Ó bì í. Mo bú sẹ́kún.

"Má sunkún. A ó dúró díẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo jẹ́wọ́ pé mo ra sóbò fún un. Mo rò pé wọ́n á jágbe mọ́ mi.

"Èmi náà ra fúrá fún ọkọ rẹ lójú ọ̀nà Kánò nígbà tó wà ní kékeré," wọ́n ní. "Díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n."

Ṣíbí kan, ìsinmi díẹ̀, ṣíbí mìíràn. Omi náà dúró nínú rẹ̀. A padà wọkọ̀, Màmá ò sì dẹ́kun àtimáa fi ṣíbí fún un mu títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ká gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì yẹ ojú àti ẹnu rẹ̀ wò. "Ta ló ń fún un lómi? Ẹ ṣeun gan-an. Òun ni kò jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ."

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi ti ń sáré kiri láàárín àwọn àga. A wọ ọkọ̀ mìíràn. Màmá gbórí lé mi léjìká, oorun gbé wọn lọ. Mi ò mira títí a fi wọ Ìlọrin.