Fíìmù Méjì Lójú Fèrèsé

Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi kò bá dùn ún kà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, lẹ́tà sí ìyá mi nìkan ni mo sì ń kọ látìgbà náà.

Ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ojú máa ń tì mí débi pé bí oníbàárà bá bá mi sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò dá wọn lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá kan wá láti Ayépé. Ọkọ wọn ti kú, wọ́n sì fẹ́ fọ́tò ńlá tí wọn yóò gbé kọ́ sí pálọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni bàbá náà ti ya fọ́tò kẹ́yìn. Wọ́n ti ránṣẹ́ ṣáájú, ọ̀gá mi sì ti fọ ọ̀kan dè wọ́n. Màmá wò ó, wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì.

"Kì í ṣe èyí, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lo yà wọ́n. Lẹ́yìn èkíní ni mo sọ fún wọn pé, 'Ẹ tújú ká, Bàbá. Ẹ dà bí ẹni tí agbowó-orí ń lé.' Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu wọn. Èkejì yẹn ni mo fẹ́."

"Màmá, ìkan náà ni méjèèjì," ni ọ̀gá mi wí. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Ọ̀gá mi kó fíìmù méjèèjì tí a fi ń fọ fọ́tò náà fún màmá. Nínú fíìmù, ohun funfun a máa di dúdú, dúdú a sì di funfun. Irùngbọ̀n funfun bàbá ti di dúdú bí èédú. Màmá yí wọn síwá sẹ́yìn títí omi fi lé ròrò sí wọn lójú.

"Ó dáa. Bí èmi náà kò bá dá wọn mọ̀ mọ́, kí n máa lọ sílé." Wọ́n gbé báàgì wọn.

N kò mọ bí mo ṣe dìde. Mo gba fíìmù náà, mo gbé ọ̀kan lé èkejì lójú fèrèsé, mo ń sún un díẹ̀díẹ̀ títí fìlà fi bá fìlà mu, tí bọ́tìnnì bá bọ́tìnnì mu. Gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan. Ẹnu nìkan ló kọ̀ tí kò pọ̀ mọ́ra. Ó di méjì, ọ̀kan sì tẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ wo ẹnu wọn." Mo nàka sí i.

Màmá sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Àwọn nìyẹn. Wọ́n ń gbìyànjú kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Alágídí."

Ọ̀gá mi náà sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó. "Ṣé o lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ni?" wọ́n bi mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí màmá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á ráyè fọ ọ́. Mo yọ èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sókè sọ́tọ̀ sínú àpòòwé.

N kò tíì fọ fọ́tò rí. Ilẹ̀ ni mo máa ń gbá nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò, tí mo sì máa ń pọn omi síbẹ̀, àmọ́ ojú mi kì í kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó dé, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo po oògùn, mo sì fọ fọ́tò bàbá náà. Mo sá a sórí okùn, mo wá mú ìgbálẹ̀, mo jáde lọ gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù.