Sílípáàsì Tíṣà Físíìsì Mi

Mo gba ẹ́fù nínú físíìsì nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò àṣejáde, kò sì yà mí lẹ́nu. Láti kíláàsì kẹrin ni tíṣà físíìsì wa ní ilé-ìwé tí mo ń lọ ní Ìbà ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà ìjọba sójà ni, owó oṣù tíṣà kì í tètè jáde, kò sì sẹ́ni tó wá rọ́pò rẹ̀. Bó bá ti tó àsìkò físíìsì, ọmọ kíláàsì kan tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára á dìde, á máa da ohun tó wà nínú ìwé kọ sójú pátákó, àwa náà á máa dà á kọ. A kì í béèrè ìtumọ̀, torí ẹni tó ń kọ ọ́ gan-an kò mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó máa gba ẹni tí kò ní kírẹ́díìtì nínú físíìsì. Bàbá mi wo èsì náà, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Tó o bá tún fi ṣòfò, Alábà yá." Ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ní Alábà ni wọ́n ń sọ, níbi tí wọ́n ti ń ta rédíò, tí mo ti máa jókòó ti ọjà títí ọkọ á fi dé. Bàbá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Káfíńtà ni wọ́n, àwọn náà sì ni olùṣọ́ ìjọ aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Òkókómáíkò. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi kan gbogbo bẹ́ńṣì ibẹ̀, ẹnu wọn sì ni òfin ibẹ̀.

Nínú ìjọ yẹn ni mo ti rí ẹni tó kọ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ní Ọ̀jọ́, físíìsì ló ń kọ́, ó sì kù díẹ̀ kó parí. Àmọ́ àwọn olùkọ́ wọn wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i. Bọ̀ọ̀dá la máa ń pè é. Ó ní ká yéé fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ti bímọ. Ó tinrín, ẹ̀rín ò sì jìnnà sẹ́nu rẹ̀, àfi tí ọ̀rọ̀ bá kan ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì. Ó ní òun á máa ṣe lẹ́sìn fún àwa tá a fẹ́ tún ìdánwò ṣe, bàbá mi sì yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀ṣì fún un lọ́sàn-án. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n là sílẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà wọlé, ìbáà jẹ́ ìsìn, ìbáà jẹ́ lẹ́sìn. Àwa ọmọ ìjọ, ó ti mọ́ wa lára. Àwọn ọmọ sójà tó ń wá láti bárékè ló máa ń ráhùn pé sìmẹ́ńtì ń tutù sáwọn lẹ́sẹ̀.

Mi ò rí irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí láàbù, nítorí náà ohun tó bá wà nílẹ̀ ló fi ń kọ́ wa. Ó so àgádágodo mọ́ òwú, ó so òwú mọ́ igi àjà, ó ní ká máa wò ó bó ṣe ń fì. Ó ní ká fọwọ́ kan bẹ́ńṣì, ká tún fọwọ́ kan irin fèrèsé, ó béèrè èyí tó tutù jù. Gbogbo wa pariwo pé irin ni. Ó ní irọ́ la pa, bákan náà ni wọ́n ṣe tutù. Irin kàn ń yára gba ooru lára wa ju igi lọ ni. Mo délé, mo ń fọwọ́ kan ìkòkò, mo ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ìyá mi ní ṣé orí mi pé. Inú mi dùn nígbà yẹn. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí, torí ohun tó kù kò dùn rárá.

Iná mànàmáná ló kọ́ wa kẹ́yìn.

"Kúrẹ́ntì ń wá ilẹ̀ ni," Bọ̀ọ̀dá sọ. "Gbogbo ìgbà ló ń wá bó ṣe máa délẹ̀. Tó o bá fara kan wáyà, tó o wá fẹsẹ̀ lásán dúró sórí ilẹ̀ tó tutù, ara rẹ ló máa gbà kọjá."

Ó jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó mú ọ̀kan nínú sílípáàsì rọ́bà rẹ̀, ó dúró síta, ó sì gbé e sókè ká lè rí i láti inú. Àwọ̀ búlùú ni, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Ó ní, "Irú èyí ló ń dí i lọ́nà." Kò mú un kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó bọ̀wọ̀ fún òfin bàbá mi dé bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì daṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá mi ní kí Bọ̀ọ̀dá wá bá àwọn wò ó, ṣebí iṣẹ́ tó ń kọ́ ni. Àwọn ìyá ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ tán, omi ṣì wà nílẹ̀. Inú ilé kejì ni wọ́n ti fa wáyà iná wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí suwíìṣì téèyàn lè pa lórí rẹ̀. Láti àárọ̀ ni iná ò ti sí ní gbogbo àdúgbò. Mò ń gbá ẹnu ọ̀nà nígbà tí Bọ̀ọ̀dá dé, mo sì rí i pé kò bọ́ sílípáàsì rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó sọ, "ẹ jẹ́ n wọ sílípáàsì yìí wọlé. Wáyà yẹn ò ní suwíìṣì, ilẹ̀ sì tutù. Tí iná bá dé lójijì ńkọ́?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ilé Ọlọ́run ni ibí. Ẹni tó nilé ló ń ṣọ́ ọ. Iná tí ò tiẹ̀ sí! Bọ́ ọ síbẹ̀ bíi ti gbogbo ayé."

Bọ̀ọ̀dá wo omi tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sílípáàsì, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì wọlé.

Mò ń gbálẹ̀ mi lọ. Kò pẹ́, àwọn ọmọdé hó yèè láti ojúlé dé ojúlé, bí wọ́n ṣe máa ń hó nígbàkígbà tí iná bá dé. Rédíò ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Àárín ariwo ayọ̀ yẹn ni mo ti gbọ́ tí nǹkan ṣubú nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Mi ò ní ṣàpèjúwe ohun tí mo rí. Bàbá mi fi igi gbá wáyà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ Jésù, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ aládùúgbò wa kan, wọ́n gba ọ̀nà Ìyànà Ìbà lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gbé òkú padà. Sílípáàsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí dìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Mo mú un wálé, mo fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Gbogbo èèyàn ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bàbá mi ní ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Bóyá rọ́bà tó ti jẹ ní gìgísẹ̀ kì bá tiẹ̀ gbà á là, mi ò mọ̀. Àmọ́ ó béèrè. Ohun tó ń bí mi nínú dòní nìyẹn: ó mọ̀, ó sì tọrọ àyè, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ìyá rẹ̀ wá láti abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì bi wá bóyá wọ́n ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ òun. A ní wọn ò tíì ṣí i.

Mo ṣe ìdánwò náà. Ìbéèrè kan ní ká sọ iṣẹ́ tí wáyà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ń ṣe. Mo dáhùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá ni mo sì kọ síbẹ̀ látòkèdélẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, mo ní kírẹ́díìtì. Bàbá mi jó yí pálọ̀ ká. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú, kí ayé lè gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe nínú ìjọ wa.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ sùtáná mi, mo sì mú sílípáàsì náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tóbi jù fún mi, ńṣe ni mò ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ìyá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà na ọwọ́ láti dá mi dúró, mo gba abẹ́ ọwọ́ wọn kọjá. Orin dákẹ́ níwájú, ó dákẹ́ lẹ́yìn. Bàbá mi ti na máíkì sí mi kí wọ́n tó wolẹ̀. Wọ́n wo sílípáàsì náà, wọ́n wo gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti jẹ, mo sì rí i lójú wọn pé wọ́n mọ ẹni tó ni ín.

"Bọ́ ọ," wọ́n sọ ní ohùn ìsàlẹ̀. "Ilé Ọlọ́run ni ibí."

Máíkì ti dé ẹnu mi, nítorí náà gbogbo ìjọ ló gbọ́ èsì tí mo fọ̀.

"Bàbá, iná wà nínú ohun tí mo dì mú yìí. Mi ò ní bọ́ ọ."

Wọ́n kọjú sí pẹpẹ, ẹ̀yìn wọn ni mo ń wò. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí mi. Mo sọ ẹni tó kọ́ mi ní físíìsì, mo sì sọ ohun tó tọrọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí mo parí, kò sẹ́ni tó ṣe Halelúyà.