Wọ́n fẹ́ sin bàbá mi nítorí tẹlifíṣọ̀n

Lónìí, wọ́n fẹ́ sin bàbá mi tó ń sùn nínú yàrá.

Mo ní tẹlifíṣọ̀n kan ní pálọ̀ mi n'Íkòròdú níbí. Tá ò bá wò ó, àwòrán ló máa ń gbé sójú, bíi férémù dúdú ara ògiri. Èmi fúnra mi ni mo fi ìka ya bàbá mi lórí fóònù, tòun ti fìlà funfun, tí mo gbé e síbẹ̀.

Àbúrò bàbá mi wọlé láti Ẹ̀pẹ́, ó rí i, ó bú sẹ́kún. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó pe ilé l'Ẹ̀pẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í pẹ́ sin òkú. Kí n tó ti kíṣínì dé, wọ́n ti pe ààfáà, àwọn kan ti gbé ṣọ́bìrì lọ sí itẹ́ òkú.

Mo ní, "Bàbá ń sùn. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò béèrè?"

Ó ní, "Ta ló ń gbé àgbà tó wà láàyè sínú férémù dúdú? Ìwọ lo jẹ̀bi."

Èmi kẹ̀? Ẹkún yẹn ló jí bàbá mi, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mi ò ní yọ àwòrán náà. Ẹ bá wa dá a: èmi tí mo ya bàbá mi, àtẹni tó fẹ́ sin ín láì yẹ yàrá wò, ta ló jẹ̀bi?