Jókòósílẹ̀ Rótìmí Lójú Ọ̀nà Àpòmù

Ẹ jọ̀ọ́, ohun yòówù tí ẹ bá ń ṣe, ẹ gbé e tì ná. Ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Bí ẹ kò bá tíì gbọ́ ti Rótìmí aránṣọ, ará Ìkirè, àti ọkọ̀ rẹ̀, ẹ kò tíì mọ ohun tí ìfẹ́ ń fi ọmọ ènìyàn ṣe.

Iṣẹ́ aránṣọ ni Rótìmí ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì dán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkàn rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ Dátsùn àtijọ́ kan ni, irú èyí tí àwọn ará Japan dìídì ṣe fún eré sísá. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju méjì lọ, imú rẹ̀ nìkan gùn tó ìyókù ara rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì gé kúrú bíi ti adìyẹ tí wọ́n fa ìrù rẹ̀ tu. Òyìnbó kan tó wá ṣe títì ló fi í sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé. Ìgbà tí Rótìmí máa fi rí i lẹ́yìn ọgbà mẹkáníìkì kan n'Íbàdàn, adìyẹ ló ń yé ẹyin sí i nínú. Rótìmí kò tilẹ̀ bèèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló ní. Ó fi ọ̀kan ṣe pàṣípààrọ̀, ó sì ń dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ. Ẹyin tó bá lórí àga ọkọ̀ náà, ó dín in jẹ.

Àwọn ará Ìkirè ló sọ ọkọ̀ náà ní Jókòósílẹ̀. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì nà gbọọrọ síwájú bíi ti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú lórí ẹní.

Rótìmí kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Irinṣẹ́ aránṣọ ló fi ń tún un ṣe. Abẹ́rẹ́ ló fi ń tú ihò wẹ́wẹ́ inú kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Kábúrétọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjì, méjèèjì ló sì ń fẹ́ epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni Rótìmí ń kán sí wọn, ó sì bá wọn lára mu rẹ́gí. Tó bá tó àkókò láti mú méjèèjì dọ́gba, á ki ẹnu rọ́bà kan bọ etí ara rẹ̀, á ki èkejì bọ ẹnu kábúrétọ̀, á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Bí ọ̀kan bá ń mí "ṣíì" tí èkejì ń mí "ṣúù," á máa yí síkúrù wọn díẹ̀díẹ̀, títí àwọn méjèèjì á fi máa mí bí ìbejì tó sùn lórí ẹní kan.

"Rótìmí, ṣòkòtò mi ńkọ́?"

"Ẹ fara balẹ̀, bàbá. Mò ń gbọ́ nǹkan."

"Ṣòkòtò mi ni kí o gbọ́!"

Bó ṣe wà nìyẹn títí ó fi rí Fúnmilọ́lá, ọmọ Àpòmù, tí ọkàn rẹ̀ wá pín sí méjì. Bàbá Fúnmilọ́lá ni Bàbá Adépọ̀jù, ẹni tó ní lọ́rì tó ń kó kòkó láti Ìkòyí àti Ararọ̀mí-Òwu. Lọ́rì náà burẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í kọṣẹ́. Ọjọ́ tí Rótìmí kọ́kọ́ lọ kí wọn, bàbá náà wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ìwọ lo fi ẹ̀rọ ìránṣọ ra ilé adìyẹ?"

"Ọkọ̀ ni, sà. Ọkọ̀ eré ìje ni."

"Eré wo ló ti sá?"

Rótìmí wo bàtà rẹ̀.

"Mo ní eré wo ló ti sá? Ọ̀kadà ni mo ṣáà rí tó gbé ọ wá."

"Mò ń tún un ṣe lọ́wọ́ ni, sà."

"Ó dáa. N kì í ṣe òǹrorò àna. Lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ máa wá tọrọ ìyàwó, ìwọ àti ìyá rẹ, ọkọ̀ yẹn ni kí ẹ gbé wá. Bó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ àgbàlá mi, mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ èèyàn bá tì í, tàbí tí okùn fà á, kí o yáa kọrí sílé. Tà á, kí o ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ padà, kí o tó tún wá bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ mi."

Fúnmilọ́lá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Rótìmí, ṣé ó máa dé?"

"Kí ló máa ṣe é tí kò ní dé?"

"Mi ò bi ọ́ ní ìbéèrè kí o tún fi ìbéèrè dá mi lóhùn. Ṣé ó máa dé?"

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, Rótìmí ń wa Jókòósílẹ̀ lọ sí Ìkirè-Ilé, ó ń wà á bọ̀. Kò wúkọ́, kò sín. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra epo kún táńkì dẹ́nu, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti ní ọkọ̀ náà.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Àwọn àgbà ẹbí ti bá bọ́ọ̀sì lọ ṣáájú. Sàídì, awakọ̀ lọ́rì Bàbá Adépọ̀jù, ti gun alùpùpù dé láti Àpòmù. Òun ni ọ̀gá rẹ̀ rán pé kó máa tẹ̀lé wọn, kó sì máa ṣọ́ ọ bóyá ẹnikẹ́ni máa ti ọkọ̀. Ẹnu Sàídì mú ju abẹ lọ.

Ìyá Rótìmí, Salome, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Àdúrà, jáde nínú aṣọ funfun ìjọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ki ìdí wọlé, ó wá fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Rótìmí, ṣé orí àga ni mo wà báyìí?"

"Orí àga ni, Màmá."

"Kí ló wá dé tí èmi àti ewúrẹ́ fi ń wo ara wa lójú?"

Wọ́n gbéra. Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ẹ bá gbọ́ ohùn ọkọ̀ yẹn! Ó ń bú bí ẹkùn tó jẹun yó. Rótìmí ń rẹ́rìn-ín sí dígí. Wọ́n kọjá ilé tó gbẹ̀yìn n'Ìkirè, ni Jókòósílẹ̀ bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó kú fin-ín-fin-ín.

Sàídì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ tọ̀ ni?"

Rótìmí bọ́ sílẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú pulọ́ọ̀gì, ó nù wọ́n, ó dá wọn padà. Ó tan iná, ọkọ̀ dáhùn. "Pulọ́ọ̀gì ni!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Kò pẹ́ púpọ̀, ó tún kú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yẹ kọ́ìlì wò, ó yẹ wáyà wò, ó ki rọ́bà bọ etí. Ìgbà tó tún fi tan iná, ọkọ̀ dáhùn. "Wáyà ni!"

"Ẹ̀gbọ́n," ni Sàídì wí, "adìyẹ kan ti kọjá wa látàárọ̀. Mo rò pé Àpòmù ló ń lọ. Ṣé ká fi iṣẹ́ rán an?"

Ohun tó ń ba Rótìmí lẹ́rù jù ni bátìrì. Bó bá ti ń tan iná sí i ni ohùn rẹ̀ ń tín-ín-rín. Nígbà tí wọ́n wá dé òkè kékeré tí ènìyàn ti máa ń rí òrùlé Àpòmù, Jókòósílẹ̀ gùn ún dé àárín, ó kú. Rótìmí yí kọ́kọ́rọ́. Bátìrì ní "tẹ́," kò sọ nǹkan mìíràn mọ́.

Rótìmí fi orí lé ọwọ́ ìwakọ̀. Àná, ó ń sáré. Òní, ó ń kú. Kí ló yí padà láàárín òru kan?

Àwọn obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ dúró. Ìyá àgbà kan láàárín wọn ní, "Ọmọ mi, wò ó bóyá epo ti tán."

"Ìyá, mo rọ ọ́ kún dẹ́nu láná!"

"Mi ò bá ọ jà. Mo ní kí o wò ó ni."

Nítorí kí ìyá náà lè dákẹ́, Rótìmí lọ sẹ́yìn ọkọ̀ láti ṣí táńkì hàn án. Ìdérí le bí òkúta. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i, ni táńkì bá fa èémí, FÍÍÌ! bí ẹni tó yọrí jáde látinú odò. Gbogbo wọn fò sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ń ta epo pupa mọ ọ̀rọ̀ yìí: bí o bá lu ihò kan ṣoṣo sí garawa, epo kò ní dà dáadáa, àfi kí o lu èkejì kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni táńkì ọkọ̀ yẹn. Ihò bíńtín kan wà lára ìdérí rẹ̀ tó fi ń mí. Rótìmí yí ìdérí náà sójú òòrùn. Nǹkan funfun ló dí ihò náà pa; afẹ́fẹ́ bíńtín tó ń yọ́ wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ló ń jí i. Ó gbóòórùn rẹ̀. Àbẹ́là.

Ó wo ìyá rẹ̀. Màmá Àdúrà ń wo igbó.

"Màmá."

"Hẹ̀n."

"Ta ló fi àbẹ́là dí ẹnu táńkì mi?"

"Ayé burú, Rótìmí."

"Màmá!"

"Mo ní ayé burú! Ṣé o mọ iye ojú tó wà lára ọkọ̀ yìí ni? Wọ́n lè da ṣúgà sí i! Wọ́n lè da iyọ̀ sí i! Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀ yìí ni mo rí ihò kan lórí ẹ̀, mo ní háà, ibi tí ọ̀tá máa gbà wọlé rèé. Mo bá yọ́ àbẹ́là ìjọ sí i, mo sì ka Sáàmù lé e lórí."

Sàídì ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá ilẹ̀. "Ọ̀tá ò wọlé lóòótọ́, Màmá. Afẹ́fẹ́ náà ò sì wọlé!"

Rótìmí yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń gún mọ́ àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó fi tú ihò náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dé e padà. Ṣùgbọ́n bátìrì ti lọ. Àwọn obìnrin náà sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ń ká apá aṣọ. "Ẹ jẹ́ ká bá a tì í!"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o!" Sàídì fò dìde. "Bẹ́ẹ bá ti tì í, ìyàwó lọ nìyẹn!"

Rótìmí wo iwájú: òkè. Ó wo ẹ̀yìn: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ojú rẹ̀ là. Ó wọ ọkọ̀, ó fi í sí jíà tí a fi ń rìn sẹ́yìn, ó tẹ kíláàṣì mọ́lẹ̀, ó sì tú bíréèkì.

"Màmá, ẹ di nǹkan mú."

Jókòósílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà kíákíá.

"Rótìmí! Iwájú làwọn àna rẹ wà! Ẹ̀yìn lò ń lọ!"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti bínú ni?" Sàídì ń sáré tẹ̀lé wọn.

Rótìmí tú kíláàṣì lójijì. Ọkọ̀ ta gìrì, fìlà ìjọ Màmá Àdúrà já bọ́ sórí imú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì bú ramúramù! Àwọn obìnrin oko hó yèè. Jókòósílẹ̀ gun òkè náà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sókè, kò sì wúkọ́ mọ́ títí ó fi wọ àgbàlá.

Bàbá Adépọ̀jù dìde láàárín àwọn àgbà. "Sàídì! Ta ló tì í?"

"Wọlái, Bàbá, kò sọ́wọ́ èèyàn tó kàn án. Òkè ló tì í."

"Òkè?"

"Òkè ẹ̀yìn ìlú, sà. Kò sì lọ́wọ́."

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Adépọ̀jù kò rín. "Títì ni títì. Ẹ jẹ́ n rò ó ná." Fúnmilọ́lá tó wà lójú fèrèsé fọwọ́ lérí. Bàbá náà yí ọkọ̀ ká, ó fọwọ́ kan imú rẹ̀, ó ní, "Jẹ́ n jókòó sínú ẹ̀, kí n mọ ohun tó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọkùnrin."

Rótìmí gbé bàbá náà dé oríta, ó gbé e padà. Ìró tí a gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn ni "Yéè! Tún tẹ̀ ẹ́!" Nígbà tí wọ́n dé, ojú Bàbá Adépọ̀jù ń tàn bíi ti ọmọ ọjọ́ ọdún. Bàbá náà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ jọ kó lè dìde, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Ó gbìyànjú títí, kò ṣeé ṣe.

"Ẹ fà mí jáde!"

Màmá Àdúrà tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. "A máa fà yín, sà. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ẹ mú un! Mo ní kí ẹ mú un, ẹ ṣáà fà mí!"

Fúnmilọ́lá ló kọ́kọ́ na ọwọ́.

Bí ẹ bá rò pé mo ń bù mọ́ ọn, Ìkirè kò jìnnà. Ẹ bèèrè ṣọ́ọ̀bù Rótìmí aránṣọ. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fi òwú so mọ́ ìdérí táńkì Jókòósílẹ̀ títí dòní, Màmá Àdúrà fúnra rẹ̀ ló so ó. Ẹ lọ fojú ara yín rí i. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ wọlé jókòó, ẹ rí i pé ẹ mú ẹni tó máa fà yín jáde dání.