Òdòdó tí Ìyá Ọkọ Mi Pè ní Àfòmọ́

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi, má bá mi tún un ṣe.

Nígbà tí Sábon Gàrí kò tíì ju ìlà ilé díẹ̀ lọ, gádínà ni ọkọ mi, lọ́dọ̀ òyìnbó rélùwéè kan ní Zaria níbí. Baturíyà la máa ń pe ìyàwó òyìnbó náà. Òdòdó tó fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́kíìdì. Kì í gbé inú ilẹ̀. Ara igi ni wọ́n ń so ó mọ́, gbòǹgbò rẹ̀ a sì máa rọ̀ jọwọrọ bí ìfun adìẹ.

Mẹ́ta ló wà lára igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé: bàbá, ìyá, àti ọmọ tí àwọn méjèèjì bí. Àní, òyìnbó a máa so yìgì fún òdòdó! Wọ́n á mú lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀kan, wọ́n á fi ra inú èkejì. Ìyá Baturíyà tó ti dolóògbé ló fi ọmọ yẹn sílẹ̀ fún un. Nígbà tí Baturíyà ń lọ sílé fún ìsinmi, ó nàka sí i, ó fi Hausa sọ fún ọkọ mi pé, “Bí èyí bá kú, kí n má bá ọ níbí.”

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo bí bàbá rẹ. Ìyá ọkọ mi wọ rélùwéè láti Ọ̀ffà wá wẹ ọmọ. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ó lọ kí ọmọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, kò bá a, ó bá gbójú sókè wo igi. Lóko obì tiwọn, ta ni yóò rí àfòmọ́ lórí igi tí kò ní já a? Ìgbà tó padà dé, agbọ̀n rẹ̀ kún.

“Ìyàwó, ọ̀lẹ lo fẹ́ o. Àfòmọ́ fẹ́ pa igi òyìnbó, ọkọ rẹ ń wò ó. Gbé ìkòkò kaná, ká se é fún ọmọ.”

Bí ọkọ mi ṣe wọlé tó rí agbọ̀n, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ìyá, iṣẹ́ mi lẹ fẹ́ sè yẹn.”

“Ewé lásán?”

“Ewé tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá ni.”

“Háà! Èmi tí mo bí ọ, èmi ò wọ̀ ọ́ rí!”

Kò sí èyí tó tanná nínú òdòdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ti dàrú mọ́ra, a ò mọ èyí tó jẹ́ ọmọ. Ọkọ mi tẹ́ wọn sórí ẹní, ó ń sọ ohun tí Baturíyà kọ́ ọ. Ti bàbá, ewé kan lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ti ìyá, ewé méjì.

“Ọmọ ńkọ́?” ni mo bi í.

“Kò dúró sójú kan. Ọ̀pá kan á yọ ewé kan, òmíràn á yọ méjì.”

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. “Òun nìyí! Ó ń mú ti bàbá, ó ń mú ti ìyá, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú.” Ṣùgbọ́n ọ̀pá kan ti ṣẹ́ lára rẹ̀. Ó fa etí ìró rẹ̀ ya, ó fi so ó padà mọ́ igi òyìnbó fúnra rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ni Baturíyà dé. Ọkọ mi kò jẹ́ kó tú ẹrù tó fi jẹ́wọ́. Ó kàn lọ tú ẹrù rẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, a ò mọ̀ bóyá ká di ẹrù tiwa. Àfi bí òdòdó náà ṣe tanná láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ètè rẹ̀ pọ́n bí obì, bíi ti ìyá. Ó fẹ̀ bíi ti bàbá. Àwọ̀ ìyókù ara rẹ̀ ni n kò rí lára èyíkéyìí nínú àwọn òbí rẹ̀.

Baturíyà dúró tì í títí. Ó wá kọjú sí ọkọ mi: “O ò tíì bomi rin ín?”

Ọkọ mi sáré lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.